Ta ló ti ní kí AI bá òun ka bákọ́ọ̀pù OneNote rí? Ẹ wá sọ tiyín

Akọ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ kú ilé o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa láti 2019. Inú OneNote, áàpù Microsoft tá a fi ń kọ nóòtì, ni gbogbo ìpàdé wà: ẹni tó san, ẹni tó jẹ gbèsè, iye tá a ra aṣọ Ojúde Ọba. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, láptọ́ọ̀pù dákẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà bá mi yọ háádì rẹ̀, ó ní fódà kan sá pamọ́ sínú AppData tí OneNote fúnra rẹ̀ ń kó ẹ̀dà sí. Fáìlì .one ló kún ibẹ̀. Mo fi Notepad ṣí ọ̀kan, àfi bíi pé adìyẹ rìn kọjá lórí kíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ní irinṣẹ́ kan wà tí AI lè fi ka ojú ewé inú rẹ̀ láì sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ta ló ti lò ó?

Ọmọ Ṣágámù:
Mo lò ó fún nóòtì ẹgbẹ́ ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi àmì sórí Yorùbá yín. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni “A gba oko meji lo si Ijebu-Ode.” AI kà á tán, ó ní àwọn ìyá náà mú ọkọ méjì dání lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ṣé kí òun kọ orúkọ àwọn ọkọ náà mọ́ ti àlejò? Bọ́ọ̀sì la gbà!

Ìyá Gààrì:
Ọkọ méjì kẹ̀! Níbo ni wọ́n ti ń gbà á, èló sì ni ọ̀kan?

Tísà Àgbà:
Ẹ má dá AI lẹ́bi. Oko, ọkọ́, ọkọ, ọkọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn bí kò bá sí àmì. Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ pé kì í ṣe èyí tí mi ò lè kọ síbí ló mú.

Ìyá Gààrì:
Tísà!!!

Ìpẹ́rù Ni Mo Wà:
Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, kí ló dé tẹ́ ẹ ò kàn fi OneNote ṣí i lórí kọ̀ǹpútà míì? Ó ń ṣí bákọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ o.

Akọ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde:
Àbúrò, fáìlì 183 ni. Abala kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì tirẹ̀, ó tún ń tọ́jú ju ẹ̀dà kan lọ. Ṣé kí n jókòó máa ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan títí Iléyá?

Akáṣọlérí:
Mo gbé irinṣẹ́ tẹ́ ẹ ń béèrè yẹn sórí kọ̀ǹpútà mi ní Sátidé. Iṣẹ́ rẹ̀ ò pọ̀: ó ń to orúkọ fáìlì síwájú AI, ó ń to ojú ewé inú wọn, ó sì ń kó èyí tí AI bá béèrè jáde bí ọ̀rọ̀ lásán. MCP ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ilé iṣẹ́ Anthropic ló gbé e jáde ní 2024. Èyí tí mo lò ò lè kọ nǹkan kan sínú bákọ́ọ̀pù, kíkà nìkan ló mọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Àmọ́ a jà. Fáìlì kan ní “On 3-7-2024” lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí OneNote kó ẹ̀dà náà. AI ní ọjọ́ keje oṣù kẹta. Mo ní irọ́ ni. Ó ta kú. Mo ní kó ka ojú ewé tó kẹ́yìn. Ló bá rí i pé owó tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn Ojúde Ọba là ń pín níbẹ̀, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà sì ni Ojúde Ọba ọdún yẹn. Ó ní kí n má bínú.

Ọmọ Ṣágámù:
2024! Ọdún bàbá oníṣìgá lórí ẹṣin.

Ọmọ Ọbáńta Gidi:
Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, kí ló kàn yín ní Ojúde Ọba?

Ọmọ Ṣágámù:
Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni ìyá mi. Ẹ sinmi.

Mo Ń Wò Yín:
Ẹ dẹ̀ dúró ná. Irinṣẹ́ yẹn ni kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Tí AI tó ń lò ó bá jẹ́ èyí tó ń gbé òkè òkun, gbogbo ojú ewé tó bá kà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín nìyẹn. Nóòtì ilẹ̀ ẹbí wa wà lọ́wọ́ mi, a kọ orúkọ ẹni tó gbowó lẹ́ẹ̀mejì lórí pílọ́ọ̀tì kan ṣoṣo síbẹ̀. AI kékeré ni mo gbé sórí kọ̀ǹpútà ara mi. Ó ń rìn bí ìgbín, ṣùgbọ́n kì í jáde nílé.

Ìyá Gààrì:
Ta ló gbowó lẹ́ẹ̀mejì?

Mo Ń Wò Yín:
Ìyá, ẹ fi mí sílẹ̀.

Akọ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde:
Ó ti ṣiṣẹ́ o! Fọ́tò rísíìtì nìkan ni kò rí kà, ó sì fẹ́ máa méfò iye owó inú wọn. Mo ní kó kọ “fọ́tò ni” síbẹ̀ kó sì dákẹ́. Ó tún gbé nǹkan kan jáde: alága wa ò tíì san owó aṣọ 2023. Mo padà fojú ara mi ka ojú ewé yẹn, bẹ́ẹ̀ ló rí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ nípàdé Sọ́ńdè?

Ìyá Gààrì:
Sọ pé AI ló sọ ọ́.

Ọmọ Ọbáńta Gidi:
Wọ́n á ní AI náà, ará Rẹ́mọ ni.