Ọ̀yájú, àfojúdi àbí ìwọ̀sí?

Ìkìlọ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ sára ògiri ilé ìwòsàn kan l'Abẹ́òkúta ló fa àríyànjiyàn yìí: kí ni ká pe ìwà tí aláìsàn àti ará ilé rẹ̀ ń hù sí nọ́ọ̀sì? Ẹnì kan dábàá "A ò gba ọ̀yájú níbí." Mi ò fara mọ́ ọn.

Ọmọdé ló ń yájú sí àgbà. Ìyá ẹni 70 ọdún tó bú nọ́ọ̀sì ọmọ ọdún 25 kò yájú sí i. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín. Ó lè ṣàṣejù, ẹnu rẹ̀ lè máà dáa, àmọ́ ọ̀yájú kì í ti òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀. Bí ìyá náà bá ka ìkìlọ̀ yẹn, á ní, "Ta ni wọ́n ń pè lọ́mọdé?" Ìjà mìíràn dé nìyẹn.

Àfojúdi fẹ̀ ju ọ̀yájú lọ. Èèyàn ń fojú di ọba, ó sì ń fojú di ibà. Ta ló ń yájú sí ibà? Kíka nǹkan sí kékeré ló wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí ìrora mú, tó wá ń pariwo mọ́ nọ́ọ̀sì, lè máà kà á sí kékeré rárá. (Ẹ ṣọ́ gbólóhùn náà pẹ̀lú: "ó yájú sí mi", ṣùgbọ́n "ó fojú di mí", láìsí "sí".)

Ẹlòmíì hun "àìbọ̀wọ̀fúnni". Kò burú lórí ìwé, ṣùgbọ́n ǹjẹ́ inú bí ẹnikẹ́ni rí kó wá lo ọ̀rọ̀ yẹn? "Ìwà àìtọ́" tó wà nínú Kọ́ríńtì Kìíní 13:5 ní tirẹ̀ gba olè àti àgbèrè mọ́ra.

Ìwọ̀sí ni mo mú. Àgbà lè fi ìwọ̀sí lọ ọmọdé, ọmọdé lè fi lọ àgbà, ọ̀gá lè fi lọ ọmọ iṣẹ́. Ojú ẹni tí wọ́n ṣe é sí ni a fi ń wò ó. Àmọ́ kò tó lóun nìkan, torí kò sẹ́ni tó máa gbà pé òun fi ìwọ̀sí lọ ẹnikẹ́ni. Ẹ dárúkọ ìṣe náà:

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bú òṣìṣẹ́ wa, ẹ má pariwo mọ́ wọn, ẹ má nà wọ́n. Ẹni tó bá fi ìwọ̀sí lọ̀ wọ́n yóò jáde."

Ẹ má fi òṣé pípa àti yíyínmú kún un. Kò sí ẹ̀ṣọ́ tó máa tìtorí òṣé ti èèyàn síta. Kí ẹni tó ń kọ ọ́ sì fi àmì sí i, torí "iwosi" lásán lára ògiri ilé ìwòsàn, ẹni tó ń kánjú á kà á sí "ìwòsàn" tí wọ́n ṣì kọ.