Ìdáhùn: “Ajọbáyé” kọ́ ni Domhnall

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Ọ̀rọ̀ Domhnall, orúkọ àwọn ará Ireland tẹ́ ẹ gbé sílẹ̀ lánàá pé ká túmọ̀ sí Yorùbá, ni mo fẹ́ dá sí. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí “Ajọbáyé”, ìyẹn ẹni tó jẹ ọba ayé, ẹ kú làákàyè, ṣùgbọ́n etí mi kọ̀ ọ́. Ìtumọ̀ gan-an ò burú. Dumno ni ayé lẹ́nu àwọn baba ńlá wọn, val sì ni ṣíṣe àkóso. Dyfnwal ni àwọn ará Wales ń pe tiwọn. (Domhan ni ayé ní Irish òní, domhain ni jíjìn, ọmọ ìyá ni méjèèjì. Ayé mà jìn lóòótọ́.)

Ohùn tẹ́ ẹ fi sórí “bá” ni ẹjọ́ mi. Ọba, ohùn àárín àti àárín. Ayé, àárín ló fi bẹ̀rẹ̀. Níbo lohùn òkè ti wọlé? Bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ yẹn, “a jọ bá a yé” ni mo kà, bí ẹni pé àwa àti adìẹ la jọ wà nínú ìtẹ́. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní gírámà, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan gègé títí a ó fi fi dò-re-mí pe ọ̀rọ̀ náà. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́?

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbèjà yín ní “jẹ ọba ayé” ni, pé “ọba ayé” lódindi ni àbọ̀ “jẹ”, ìyẹn ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń bá lò. Mo gbà. Ajọbayé nìyẹn, ohùn òkè ò sí lórí ba. Bẹ́ ẹ bá sì ní “jọba” ti di ọ̀rọ̀-ìṣe kan, ó ti gbé àbọ̀ tirẹ̀ mì, “lórí” ló kù tó lè tẹ̀ lé e, bíi “jọba lórí ayé”. Ẹ mú ọ̀kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Dáníẹ́lì náà ni, ẹ rọra. Hébérù ni Dáníẹ́lì. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ìró so wọ́n pọ̀, tó fi jẹ́ pé Daniel O'Connell, ẹni tó jà títí òfin 1829 fi gba Kátólíìkì láyè nílé aṣòfin ní London, Domhnall Ó Conaill ni lédè ilé wọn. D tó wà nídìí Donald, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pe Domhnall, ẹnu àjèjì ló fi kún un.

Kí ẹ tó máa fi orúkọ yìí yangàn jù: lọ́dún 637, ní Mag Rath ní Ireland, Domhnall mac Áedo, ọba Ireland, ṣẹ́gun Congal Cáech, ọba Ulaid ní àríwá Ireland. Ta ló wà lẹ́yìn Congal? Domhnall Brecc, ọba Dál Riata, ìjọba tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Scotland àti àríwá Ireland! Alákòóso ayé méjì lójú ogun kan. Ọdún kan náà, 642, làwọn méjèèjì sì kú. Ogun Strathcarron ní Scotland ló pa Brecc.

Èwo wá ni ká máa rọ orúkọ tuntun, nígbà tí Aláyélúwà wà nílẹ̀ tá a fi ń kí ọba? (“Aláyé” lásán ò ṣeé lò mọ́, àwọn ọmọ ìta ti gbà á.)

Ẹni tó tún ń bi mí bóyá olúwa ni “lúwà” yẹn tàbí ìwà, mo dáhùn lésìí, ẹ sì bú mi. N ò sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ mọ́.