Oṣù mẹ́jọ la ti ń ṣèpàdé ààbò àdúgbò, síbẹ̀ wọn ò yéé já báàgì gbà. Kí ló kù tá a lè ṣe?

Akọ̀wé Àdúgbò:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ààbò àdúgbò wa. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí tí àwa ará àdúgbò, ọlọ́pàá, ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé ìwé méjì ti ń jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Mo ka gbogbo àkọsílẹ̀ ìpàdé wọ̀nyẹn láàárọ̀ àná. Ohun kan náà la ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá á ní ọkọ̀ àwọn ò tó, ìjọba ìbílẹ̀ á ní àwọn ti gbọ́, àwa á bínú, alága á ní ó dìgbà kan ná. Gbogbo ìgbà la ń sọ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àmọ́ mi ò tíì rí ọwọ́ tó gbé nǹkan kan.

Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ti ń já fóònù àti báàgì gbà: ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀yìn ilé ìwé lọ sí ibùdókọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fa báàgì lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Èmi ni mo dúró tì í títí ọkọ̀ fi dé. Kò sunkún. Ó kàn ń bi mí pé, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ibí yìí ò dáa ni?" A mọ̀. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé márùn-ún. A tọrọ iná síbẹ̀, wọ́n ní iná kọ́ ló ń dá olè dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo làwọn ibòmíràn ṣe ń ṣe é tí ìpàdé fi ń di iṣẹ́?

Ọlọ́pàá Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:

Akọ̀wé, ẹ kú ìdúró ti ọmọ ọlọ́mọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, irú ìpàdé yẹn ò sì lóǹkà tí mo ti jókòó sí. "Olè" lẹ jọ ń lé, ó sì tóbi ju ohun tẹ́nì kan lè dì mú lọ. Ẹ fi olè sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbájú mọ́ ọ̀nà tóóró yẹn. Láti ọdún 1979 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Herman Goldstein, ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ pé kí ọlọ́pàá má kàn máa sáré tẹ̀ lé ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá ìṣòro tó ń bí àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ìwádìí kan ní ìlú Minneapolis, ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1989 fi hàn pé nǹkan bí àdírẹ́sì 3 nínú 100 ni ìdajì gbogbo ìpè tó ń dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ti ń wá. Bó ṣe rí ní àgọ́ wa náà nìyẹn, orúkọ ibẹ̀ ṣì wà lórí mi.

Aago mélòó ni wọ́n máa ń já báàgì gbà? Ọjọ́ wo? Ibo ni wọ́n ń sá gbà lẹ́yìn náà? Tẹ́ ẹ bá mọ ìyẹn, ẹ ó mọ ẹni tí iṣẹ́ kàn. Ní ti iná, ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn ò sọ òótọ́. Ní 2016, wọ́n ṣẹ́ kèké láti yan àwọn ọgbà ilé tí ìjọba kọ́ fún ará ìlú láti máa gbé, tí wọ́n máa gbé iná ńlá sí ní New York, ìwà ọ̀daràn ńlá tó ń ṣẹlẹ̀ níta lálẹ́ sì dín ní nǹkan bí 36% níbi tí iná dé.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ẹ foríjì mí o, ta ló pe ilé ìwòsàn? Mi ò rí wa nínú àwọn tẹ́ ẹ kà. Àwa là ń di ọgbẹ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tá à ń tọ́jú ni ò sì ní fẹsẹ̀ tẹ àgọ́ ọlọ́pàá láéláé. Ohun tí oníṣẹ́ abẹ Jonathan Shepherd rí ní Cardiff, olú ìlú Wales, nìyẹn. Wọ́n wá ń bi ẹni tó fara gbọgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù pàjáwìrì pé: níbo, nígbà wo, kí ni wọ́n fi ṣe ọ́? Wọ́n yọ orúkọ kúrò, wọ́n sì fi ìyókù ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá àti ìjọba ìbílẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2011 fi Cardiff wé ìlú 14 tó jọ ọ́: iye àwọn tí ìwà ipá gbé dé bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn dín ní 42% sí tiwọn.

Wọ́n á sọ fún yín pé àṣírí aláìsàn ni. Orúkọ ni àṣírí. Ọ̀nà tóóró kì í ṣe aláìsàn.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta:

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ìgbìmọ̀ bíi tiyín wà ládùúgbò wa. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ dá ọmọ mi ọkùnrin dúró lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Wọ́n tú báàgì rẹ̀, ìwé ni wọ́n bá níbẹ̀. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa ń wà níta jù, wọ́n mọ ẹni tó ń ṣe kí ni àti ibi tó ń sá sí. Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu wọn. Tẹ́ ẹ bá máa pe àwọn ọ̀dọ́, ẹ má pè wọ́n wá gbọ́ ìkìlọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè, kẹ́ ẹ sì kọ èsì wọn sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ti ọlọ́pàá.

Akọ̀wé Àdúgbò:

Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ yẹn tí kò ṣeé dá padà bí ẹni dá báàgì padà. Mo jẹ́wọ́ pé kò sí ọ̀dọ́ kan nínú ìgbìmọ̀ wa.

Mo gba ọ̀nà yẹn lálẹ́ àná pẹ̀lú aládùúgbò méjì. Òpó iná mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan ló ń tàn. Igbó ti bo ẹnu ọ̀nà débi pé èèyàn lè lúgọ síbẹ̀. Mo sì pa àkọsílẹ̀ wa pọ̀: nínú ìjágbà mọ́kànlá tá a kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀, mẹ́sàn-án ló bọ́ sí àárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wálé. Ó ti wà lọ́wọ́ mi látọjọ́ yìí, mi ò kà á rí.

Nọ́ọ̀sì, ta ni kí n kọ lẹ́tà sí ní ilé ìwòsàn: olórí wọ́ọ̀dù pàjáwìrì ni, àbí ọ̀gá àgbà? Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé wa.