Ilé ọmọlángidi ni, kì í ṣe ilé ère

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí mi ò dá sí i, mo ní kí àwọn àgbà sọ tiwọn tán ná. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà n'Íbàdàn kọ ọ́ lánàá pé "ilé ère" la ó máa pè é láti òní lọ, pé ọ̀rọ̀ ti parí, mo ní rárá o, kò tíì parí.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa kan ló béèrè ohun tí Yorùbá ń pe ilé kékeré tí àwọn Òyìnbó máa ń kàn, tí wọ́n á to àga àti bẹ́ẹ̀dì kéékèèké sínú ẹ̀, tí wọ́n á ṣe é kó rí bí ilé ayé àtijọ́, yàrá kọ̀ọ̀kan á ní kọ́tììnì àti àtùpà tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ilé ère. Àǹtí wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ilé bèbí. Èmi ní ilé ọmọlángidi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àmì ohùn. Ẹ̀gbọ́n, "ile ere" lẹ kọ, ẹ ò fi àmì kankan sí i. Mo kà á ní ilé eré, mo rò pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe tíátà lẹ ń sọ. Ọmọ mi obìnrin kà á ní ilé èrè, ó ní ṣé báńkì ni. Ẹlòmíì á kà á ní ilé erè, á máa wá ejò kiri. Ẹ sọ fún wa lẹ́ẹ̀mejì nínú létà kan ṣoṣo pé ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tẹ́ẹ ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyẹn bí obìnrin ò tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tuntun lórúkọ, kó pe orúkọ náà jáde ketekete kí gbogbo ilé lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń jẹ́ sí.

Ó dáa, ká gbà pé ère lẹ ní lọ́kàn, bíi ti ère ìbejì. Ibẹ̀ gan-an ló ti dùn mí. Ìtókò ni màmá ìyá mi dàgbà sí, níbí l'Abẹ́òkúta, àdúgbò tí ìdílé Adugbologe ti gbẹ́ ère tí àwọn Òyìnbó wá kó lọ sí mùsíọ́ọ̀mù wọn. Màmá bí ìbejì kí wọ́n tó bí ìyá mi, Kẹ́hìndé kú, wọ́n gbẹ́ ère ẹ̀. Mo mọ ère yẹn bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi. Orí pẹpẹ kékeré kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, imú ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ parẹ́ tán nítorí ìwẹ̀, osùn ti wọ inú ìlà irun ẹ̀ kò ṣeé yọ mọ́, ìlẹ̀kẹ̀ dúdú wà ní bèbèrè ìdí ẹ̀. Bí Màmá bá se ẹ̀wà, wọ́n á kọ́kọ́ bu díẹ̀ síwájú ẹ̀ ká tó fọwọ́ kan tiwa. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́fà lọ́jọ́ tí mo gbé e, mo fi ìborùn Màmá pọ̀n ọ́n, mo ń jó kiri àgbàlá. Màmá ò nà mí o. Wọ́n tú u lẹ́yìn mi jẹ́jẹ́, wọ́n fi etí ìró wọn nu ojú ẹ̀, wọ́n gbé e padà síbi tó ń gbé, wọ́n wá ní, "Kẹ́hìndé kì í ṣe ọmọlángidi."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí káfíńtà tó wà lẹ́yìnkùlé wa gé pákó pẹlẹbẹ kan fún mi. Ó fi ìṣó gbígbóná jó ojú méjì àti ẹnu sí i, ó fá ọrùn ẹ̀ wọnú díẹ̀ kí ọ̀já lè dúró. Wọ́n ní òun ni kí n máa pọ̀n. Èyí yẹn ni ọmọlángidi.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ní ère nínú yàrá ló fi ẹnu ara ẹ̀ yà á sọ́tọ̀, kì í ṣe èmi. Tẹ́ẹ bá sọ "ilé ère" fún ìyá àgbà kankan n'Ítókò tàbí ní Kémta, ojúbọ ló máa rò, á bi yín pé ìbejì ta ni wọ́n ń kọ́lé fún.

Bọ̀dá kan wá gbe ẹ̀gbọ́n lẹ́sẹ̀. Ó ní àwọn ìyá ìbejì kan ti ń ra bèbí onírọ́bà lọ́jà dípò ère onígi tipẹ́, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń wọ̀ ọ́ láṣọ, torí náà bèbí ti di ère, ère ti di bèbí. Ohun tó sọ nípa àwọn ìyá ìbejì, òótọ́ ni. Ibi tó gbé e gbà ni kò tọ́. Rọ́bà yẹn ò di ère lórí àtẹ ẹni tó ń tà á. Ó di ère lọ́jọ́ tí wọ́n pè é ní Táyé tàbí Kẹ́hìndé tí wọ́n sì gbé oúnjẹ fún un. Ìyókù tí wọ́n jọ wà nínú páálí kan náà, tí ọmọ ẹlòmíì rà, bèbí ni wọ́n títí wọ́n fi já lápá tí wọ́n gbé wọn jù sórí ààtàn. Iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ló ń sọ ọ́ di ère, kì í ṣe bó ṣe rí. Bọ̀dá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi àpẹẹrẹ yín gbè mí.

Ó ku ti "ọmọ". Ẹ̀gbọ́n ní ọmọlángidi rẹ nǹkan yìí sílẹ̀, pé "ọmọ" tó wà níwájú ẹ̀ máa jẹ́ káráyé rò pé eré ọmọdé ni, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà ló ń ṣe é. Wọ́n ní ká wo ti Petronella Oortman tó wà ní Rijksmuseum n'Ámsterdam, ìyàwó ọlọ́rọ̀ ni, láti nǹkan bí 1686 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í to tiẹ̀, kì í ṣe fún ọmọ kankan láti fọwọ́ kàn. Wọ́n ní ká wo ti Ọbabìnrin Mary tó wà láàfin Windsor, tí Edwin Lutyens yàwòrán ẹ̀, tí wọ́n parí ní 1924, tí iná mànàmáná ń tàn nínú ẹ̀ tí omi ń ṣàn nínú páìpù, ínṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Kí ni ìyẹn wá kan "ọmọ"? Ọmọ ọlọ ńkọ́? Ọmọ odó ńkọ́? Ọmọ ayò tí àwọn bàbá onírùngbọ̀n funfun ń kó sápò lábẹ́ igi, ṣé eré ọmọdé ni wọ́n ń ta ni? "Ọmọ" ibẹ̀ yẹn ò ka ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni. Ohun kékeré tó ń bá ìyá ẹ̀ ṣiṣẹ́ ló ń sọ.

Àwọn Òyìnbó tí ẹ̀gbọ́n ń tọ́ka sí gan-an, "baby house" ni wọ́n ń pe ilé yìí tẹ́lẹ̀, nígbà tí bèbí ṣì ń dúró fún ọmọlángidi lẹ́nu wọn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn bí ẹ ṣe dìde sí Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù lápapọ̀ nítorí "ilé bèbí", tí ẹnì kan tiẹ̀ ní wọ́n ti gbàgbé ilé. Wọn ò gbàgbé ilé o, bèbí ni gbogbo ọmọ tó wà ládùúgbò mi ń pè é. Èyí tó pẹ́ jù lẹ́nu wa lèmi kàn fi sípò kìíní. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ìgbàgbé ilé yẹn, ó yẹ kó bẹ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń bí mi nínú ni "ìwọṣọ yàrá" tí ẹ̀gbọ́n lò fún kíkó àga àti ẹrù sínú àwọn yàrá yẹn. Yàrá kì í wọṣọ. Títo la ń to yàrá. Ìyàwó tuntun a máa to pálọ̀ ẹ̀, àlejò á wọlé á ní ilé yìí mà tò o. Tẹ́ẹ bá kọ ọ́ kẹ́ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kọ "títò ilé", ohùn ìsàlẹ̀ yẹn a máa kúrò tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, mo to ilé, mo tò ó, ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ ẹ̀ lẹ́nu yín. Kẹ́ẹ sì má lọ fi àmì sábẹ́ ẹ̀, torí títọ̀lé lèyí tí ọmọdé ń ṣe sórí ẹní lóru. Mo rí i nínú létà mẹ́ta báyìí tí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, inú mi ò dùn rárá.

"Yàrá ìyàwòrán" tún ńkọ́! Ẹ̀gbọ́n rí "drawing room" nínú àwòrán ilé Òyìnbó yẹn, wọ́n ní yàrá tí wọ́n ti ń yàwòrán ni. Ẹ má bínú, ẹnì kankan ò yàwòrán níbẹ̀. "Withdrawing room" ni wọ́n gé kúrú, yàrá tí àwọn èèyàn ń yẹra lọ sí tí wọ́n bá jẹun tán. Pálọ̀ ni, ó tán. Tó bá jẹ́ pálọ̀ méjì ló wà nínú ilé, ká ní pálọ̀ òkè àti pálọ̀ ìsàlẹ̀, bí àwọn bàbá wa ṣe ń sọ ọ́ nínú pẹ́tẹ́ẹ̀sì wọn.

Mo ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí pálọ̀ torí ọ̀kan wà lórí tábìlì mi báyìí. Láti oṣù mẹ́ta lèmi àti ọmọ mi ti ń kan ilé ọmọlángidi kan, pẹ́tẹ́ẹ̀sì bí irú èyí tí àwọn Sàró àti Àgùdà, àwọn tó padà bọ̀ láti Sierra Leone àti Bràsíìlì, mú àṣà ẹ̀ wá, ti 1930 la mú, ọdún tí Ẹ̀gbá pé ọgọ́rùn-ún ọdún lábẹ́ Olúmọ. Agolo mílíìkì la tẹ́ pẹrẹsẹ fún pàánù, mo fi ẹnu bíró tó ti gbẹ fa ìlà sí i lára, ọmọ mi fi tíì gbígbóná àti iyọ̀ pa á láró títí tó fi pọ́n bí àwọn òrùlé téèyàn ń rí tó bá dúró lórí àpáta. Páálí ìṣáná mẹ́fà tá a lẹ̀ léra di kọ́bọ́ọ̀dù, ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké ni ọwọ́ tá a fi ń fà á. Àwòrán bàbá àti ìyá wà lókè ògiri, a jẹ́ kí wọ́n tẹ orí síwájú bí tàtijọ́, wọ́n ń wo ẹni tó bá jókòó.

Kọ́tììnì ló fẹ́ẹ̀ pa wá. Mo lọ gba ègé adìrẹ oníko n'Ítòkú, èyí tó ní bátánì roboto bí òṣùpá, ó wù mí gan-an lọ́wọ́. Ìgbà tá a fi kọ́ sójú fèrèsé, òṣùpá kan ṣoṣo ló gba gbogbo fèrèsé, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan fi abọ́ dí i. Bátánì tó fẹ̀ tó ínṣì kan lára ìró, ẹsẹ̀ bàtà kan ló ń jẹ́ nínú ilé yẹn. Ìyá aládìrẹ tí mo padà lọ bá rẹ́rìn-ín, wọ́n fún mi ní etí adìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ yàwòrán sí, tó ní tótòòtó wẹ́wẹ́, wọ́n ní, "Ilé ọmọlángidi lẹ ń tò, ẹ ò wá sọ." Mi ò tíì dárúkọ nǹkan náà fún wọn o! Mo kàn ṣàlàyé pé ilé kékeré ni. Ẹ̀gbọ́n, mo fi ẹlẹ́rìí yìí kún ti Màmá.

Ti "ilé-ìgbà" tí àbúrò wa dá fún ilé tó ní àkókò tiẹ̀, ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìgbà wo? "Láyé" ti wà nílẹ̀. Ilé ọmọlángidi láyé Fíkítóríà, ilé ọmọlángidi láyé Adémọ́lá Kejì tó jẹ́ Aláké láti 1920. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti mọ irú àga tó máa bá níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ẹ bá mi wá nìyí. Ilé Òyìnbó ní ibi ìdáná kan lára ògiri pálọ̀, tí wọ́n ti ń yáná, tí wọ́n ń to aago àti ìkòkò òdòdó sórí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní àdògán. Àdògán kọ́, a ò se ọbẹ̀ níbẹ̀. Mo ti ń rò ó pé "ààrò ara ògiri", ọmọ mi ní ó gùn jù. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó bá Òyìnbó ṣe kúùkù nígbà èwe ẹ̀, wọ́n ti dàgbà gan-an, kò sẹ́ni tó mọ iye ọdún wọn, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ní ọpọlọ wọn ṣì pé. Lọ́jọ́ Sátidé n óò gbé ilé náà lọ síwájú wọn, n óò fi ìka tọ́ka sí i, màá gbọ́ ohun tí wọ́n bá pè é.