Àmì dúdú tó wà létí imú Màmá

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Màmá mi fi gba imú jẹun. Rọpárọsẹ̀ ló mú wọn lápá ọ̀tún. Tá a bá fi ṣíbí omi kan sí wọn lẹ́nu, ikọ́ ni. Dókítà ní ọ̀nà èémí lomi ń gbà, pé ká má fi nǹkan kan sí wọn lẹ́nu mọ́.

Nọ́ọ̀sì mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì gba imú dé ikùn kí oúnjẹ lè gba inú rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n sí wọn lára: láti ṣóńṣó imú dé abẹ́ etí, láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ eegun àyà. Ó fi bírò dúdú sàmì síbi tí ìwọ̀n parí sí, ó pa jẹ́lì sí i, ó sì tì í gba imú wọlé. Omijé bọ́ lójú Màmá, ó bọ́ lójú èmi náà. Wọ́n ya fótò inú àyà wọn (X-ray) kí ẹnikẹ́ni tó da ohunkóhun sí i.

Nílé, ògì ni. Mo ń fi sóyà àti edé lílọ̀ sí i, màá sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, torí bí èérún edé kan bá yọ́ wọlé, rọ́bà dí nìyẹn. Ife kan ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Mi ò kí í ti síríǹjì o. Ṣe ni mo ń yọ ọ̀pá inú rẹ̀, tí mo ń gbé e sókè, kí ògì máa rọra sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Omi ṣáájú, omi lẹ́yìn. Màmá ò sì ní dùbúlẹ̀ fún bíi wákàtí kan.

Lóru ọjọ́ kan, Màmá fi ọwọ́ òsì fa rọ́bà náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, plásítà ṣì wà nímú. Ẹ̀gbọ́n mi ti rọ ògì sílẹ̀. Àfi bí mo ṣe rí i pé àmì dúdú tó yẹ kó wà létí imú ti jáde tó ìka mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n ní kí n tì í padà, pé ògì ń tutù. Mo ní láéláé. Ọsibítù ni wọ́n ti rí i pé ẹnu rọ́bà ti fi ikùn sílẹ̀, ó ti gòkè sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń ka owó táàsì yẹn sí mi lọ́rùn dòní.

*

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Nọ́ọ̀sì ni mí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, atẹ́gùn la máa ń fẹ́ sínú rọ́bà láti mọ̀ bóyá ikùn ló wà, a ó sì tẹ́tí sí ikùn. Tó bá ti hó, ó parí. Mo gbọ́ ìró yẹn kedere lára bàbá kan, àṣé ẹ̀dọ̀fóró ni rọ́bà wọn wà! Fótò ló tú u fó. Látìgbà yẹn, omi ikùn ni mo ń fà jáde, tí mo ń fi bébà pH, èyí tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn, dán an wò. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 5.5 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo omeprazole, oògùn ọgbẹ́ inú, ekan inú rẹ̀ ti dín kù, nọ́ńbà lè ga. Mi ò kí í bá a jiyàn, fótò ni mo ń béèrè.

*

Bàbá mi ni èmi ń fi rọ́bà bọ́ ní tèmi, oògùn ló sì kọ́ mi lọ́gbọ́n. Èyí tó yẹ kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá ni mo lọ̀ kúnná. Gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, òòyì kọ́ wọn, rọ́bà tún dí. Ní báyìí, mo ń kọ́kọ́ bi apòògùn bóyá olómi wà.