Ojú kọ̀ǹpútà mi ń ṣàdédé dúdú tí mo bá ń render (kó pa fídíò tí mo gé pọ̀ di odindi), ẹ gbà mí o

Ọmọ Òròkí: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe fídíò ìgbéyàwó níbí l'Òṣogbo ló ń dà mí láàmú, káàdì gíráfíìkì GTX 1660 Super, èyí tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀, ló wà nínú ẹ̀. Tí mo bá kàn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí wàhálà, àmọ́ kí n ṣáà ti ní kó máa render báyìí, ojú ẹ̀ á dúdú, nígbà míì á padà wá á ní driver (ètò tó ń darí káàdì) kú ó sì ti jí, nígbà míì ẹ̀wẹ̀ gbogbo ẹ̀ á kú pátá á tún tan ara ẹ̀. Mo ti yí driver padà, kò gbọ́. Oníbàárà ń retí iṣẹ́ ẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ṣé káàdì ti bàjẹ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n Àlékúwodò: Má tíì ra òmíràn o. Ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí. Tó o bá rí nọ́ńbà 4101, Windows ló dúró de káàdì fún ìṣẹ́jú àáyá 2 tí kò dáhùn, ló bá tún driver gbé dìde. Kernel-Power 41 ní tiẹ̀, kọ̀ǹpútà kú láìdágbére nìyẹn, iná sì ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Báwo ni wọ́n ṣe so wáyà mọ́ káàdì yẹn?

Ọmọ Òròkí: Ẹ ṣé sà. Méjèèjì ló kún ibẹ̀. Páwà sọ́pláì, àpótí tó ń pín iná nínú ẹ̀, ò ní ẹnu onípíìnì 8 tí káàdì ń lò, ẹni tó bá mi tò ó ló fi ádápítọ̀ fà á látara wáyà SATA kan, èyí tó wà fún háàdì dííkì.

Ẹ̀gbọ́n Àlékúwodò: Àbúrò, ibẹ̀ gan-an ni! Pa á báyìí kó o yọ ọ́ wò. 125W ni káàdì yẹn ń jẹ, ihò tó jókòó sí lórí mọ́dábọọ̀dù ò lè fún un ju 75W lọ, ìyókù dọwọ́ wáyà yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹnu SATA kan ò ju 54W lọ, káàdì ò sì ní kọ́kọ́ fa ti ihò tán kó tó fa ti wáyà, ó lè jẹ́ ti wáyà gan-an ló máa fà jù, tí render bá sì gbóná á tún máa fò sókè.

Ọmọ Òròkí: Háà, ẹnu ẹ̀ ti dúdú lápá kan o, rọ́bà yẹn ti yọ́, wáyà yẹ́lò ti di bíi àwọ̀ kòkó, ó ń rùn!

Àǹtí Ọlá-Ìyá: Jésù! Ẹ má dá a padà o bọ̀ọ̀dá, iná ni yẹn ń pè. Ojúlówó páwà 450W tó ní ẹnu onípíìnì 8 tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì gbọn eruku fáànù káàdì nígbà tẹ́ ẹ bá tú u, eruku ọyẹ́ yìí kì í ṣe kékeré. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ ń lò, ẹ wá sítábíláísà sí i.

Ẹ̀gbọ́n Àlékúwodò: Tí prósẹ́sọ̀ ẹ bá ní gíráfíìkì tiẹ̀, yọ káàdì, ki wáyà mọ́nítọ̀ bọ mọ́dábọọ̀dù, kó o render báyẹn. Á pẹ́ gan-an, àmọ́ oníbàárà ẹ á rí fídíò ẹ̀ gbà.