Obìnrin mẹ́rin ni mo bí, ìyá ọkọ mi fi àgbo ránṣẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kúulé o. Kúbwà l'Ábújà ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Obìnrin mẹ́rin l'Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Lánàá ni mo lọ gba ìgò àgbo mẹ́ta ní gáréèjì Jabi, ìyá ọkọ mi ló fi ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rá dúdú ni wọ́n fi wé e, síbẹ̀ òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo kíṣìnnì. Wọ́n ní kí n máa mu ún láràárọ̀ kí n lè bí ọkùnrin.

Mo mọ̀ pé àtọ̀ ọkùnrin ló ń pinnu bóyá ọmọ á jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Kírómósómù, ìyẹn ohun tó ń gbé àbùdá òbí wọ inú ọmọ, ló ń fà á: àtọ̀ tó gbé èyí tí wọ́n ń pè ní X á di obìnrin, èyí tó gbé Y á di ọkùnrin. X nìkan ló wà nínú ẹyin tèmi. Káàkiri ayé, bí a bá bí ọmọbìnrin 100, ọmọkùnrin a máa tó nǹkan bíi 105. Mẹ́rin tí mo ti bí kò sọ pé ìkarùn-ún á jẹ́ ọkùnrin.

Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 9, gbọ́ ọ̀rọ̀ wa lórí fóònù. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé àwa ò tó ni?" Omi bọ́ lójú mi.

Mi ò fẹ́ rí màmá fín. Àwọn ló wẹ àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ mi sì ń dákẹ́ ni. Ṣé òun ló yẹ kó bá wọn sọ̀rọ̀, àbí kí n bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Báwo lẹ ṣe ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún àgbàlagbà tiyín? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa dé, ìgò náà ṣì kún.